Òròmọdìẹ Kan Kù Níta

Ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le? Iṣẹ́ aṣọ fífọ̀ ní ilé ìwòsàn ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rí ẹni bá ọ gbé ẹrù tútù? Ọlọ́run á máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ rẹ, ohun tí o bá fọwọ́ kàn kò ní gbóná mọ́ ọ lọ́wọ́. Gbogbo wa nílé wà láàyè. Ṣùgbọ́n tí o bá wà lórí ìdúró, wá ibi jókòó sí kí o tó kà á síwájú. Ìyá rẹ ní kí n má kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, pé àyà rẹ á já, àmọ́ tèmi ti já ná, kí ló dé tí tìrẹ kò fi ní já?

Ọ̀rọ̀ fóònù tí o fi ránṣẹ́ sí Oníbéèrè, ọmọ rẹ, ni mo fẹ́ sọ. O ní eré ìṣirò wà nínú rẹ̀, pé tí ọmọ bá ti lè ka nǹkan dé ogún láìṣì í, ilé ẹ̀kọ́ tó wà lọ́dọ̀ yín á gbà á, ìwọ náà á sì wá mú un. Ọmọ náà gbọ́ ọ. Àwa àgbà lè gbọ́ nǹkan kí á gbàgbé, ọmọ tó ti ń sùn láìrí ìyá rẹ̀ láti ọdún tó kọjá kì í gbàgbé.

Eré náà dára o, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Adìẹ kan wà níbẹ̀ tí àwọn ọmọ rẹ̀ fọ́n ká inú koríko. Ọmọ rẹ á máa fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á máa sáré wọlé, olùkọ́ obìnrin kan á sì máa bá a kà á, ení, èjì, ẹ̀ta. Tí wọ́n bá pé, ilẹ̀kùn á tì, obìnrin náà á pàtẹ́wọ́. Tí wọn kò bá pé, á ní ọ̀kan kù níta, wá a. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń wọ ẹ̀wù kí n tó jókòó níwájú olùkọ́ yìí, torí kò yẹ kí obìnrin ẹlòmíràn máa wo àyà mi. Mo fi tìmùtìmù lé orí àpótí fún un. Mo kí i láàárọ̀, mo kí i lọ́sàn-án, kò dá mi lóhùn rí. Ìyá rẹ ní bóyá kò gbọ́ ni. Mo ní ó ń gbọ́ ti ọmọdé, ti àgbà ni kò gbọ́? Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń tọ́ ọmọ nílùú!

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, òjò ṣú. Ọmọ rẹ ti dé ibi tó le jù, ogún òròmọdìẹ. Mọ́kàndínlógún ti wọlé, ẹyọ kan ló kù, ó sì ń fò sókè pé tí èyí bá ti wọlé, màmá òun ń bọ̀ nìyẹn. Ni fóònù bá ṣíwọ́. Adìẹ dúró gbagidi, olùkọ́ dákẹ́, nǹkan róbótó kan wá ń yí láàárín. Mo fẹ́ atẹ́gùn sí i, mo gbọ̀n ọ́n díẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ńṣe ló ń le sí i. Mo wá sọ fún ọmọ pé kó fọkàn balẹ̀, olùkọ́ ti jáde lọ wá òròmọdìẹ tó kù, òun ló ń yí ká ọgbà yẹn. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni awakọ̀ tó ń bá mi kó pákó tó sọ pé datà ló tán. Datà! Ṣé òun náà kò lẹ́nu tí á fi sọ pé òun ti tán ni?

Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, torí ìdérí kànga wa ti jẹrà, mo sì ti ṣí i láti àárọ̀ kí n lè fi pákó tuntun sí i. Òjò dé. Ìyá rẹ pe ọmọ, kò dáhùn. Èmi náà pè é. A wọlé, fóònù wà lórí tìmùtìmù, ó ṣì ń yí. Ọmọ kò sí.

Mo ti gun òrùlé ilé alájà mẹ́ta rí, ẹ̀rù kò bà mí tó báyìí. Mo wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, mo wo inú àgbá omi. Ẹ̀gbẹ́ kànga ni mo ti rí bàtà rẹ̀, bàtà pupa tí o rà fún un, ó tò wọ́n síra dáadáa. Kànga sì là ẹnu sílẹ̀, èmi yìí náà ni mo ṣí i. Mo pè é sínú rẹ̀, ohùn mi nìkan ló padà bá mi. Mo ti ki ẹsẹ̀ kan sínú kànga kí ìyá rẹ tó rọ̀ mọ́ ẹ̀wù mi lẹ́yìn, ó ń ké pé ọmọ kan tó, kí n má fi ti ọkọ kún un. Mo ní kó fi mí sílẹ̀, ó kọ̀. Ibi tí a ti ń fa ara wa nínú òjò la ti gbọ́ igbe obìnrin tó ń sin adìẹ lẹ́yìn ilé wa, pé ta ló lọmọ tó wà nínú ilé adìẹ òun.

Ọmọ rẹ ló jókòó síbẹ̀. Omi ń ro lára rẹ̀ tótótó, ó ki òròmọdìẹ kan bọ àyà, ó sì ń bínú. Ó ní òun wá bá olùkọ́ wá èyí tó kù, àmọ́ àwọn wọ̀nyí kò dúró kí òun kà wọ́n, ti inú fóònù máa ń dúró. Mo bi í léèrè ọ̀rọ̀ bàtà. Ó ní ìwọ lo rà á, ẹrẹ̀ kò gbọdọ̀ kàn án kí o tó dé. Mo fẹ́ nà án, ọwọ́ mi kò gbé. Ńṣe ni mo bú sẹ́kún níwájú aládìẹ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o.

A gbé e délé, a fi aṣọ gbígbẹ wé e, ìyá rẹ ti ilẹ̀kùn. Bó ṣe tì í báyìí ni ọmọ rẹ na ìka sí mi, ó ní ení. Ó nà án sí ìyá rẹ, ó ní èjì. Ó fi kan àyà ara rẹ̀, ó ní ẹ̀ta. Ó wá wo ilẹ̀kùn, ó ní ọ̀kan kù níta. Mo ní ọ̀rọ̀ òròmọdìẹ yìí ti tó o jàre. Ó ní òun kò sọ ti òròmọdìẹ, màmá òun ni. Ìyá rẹ wọ yàrá lọ, ó pẹ́ kó tó jáde.

Mo ti kan ìdérí kànga padà, mo sì fi àgádágodo sí i. A nílò owó pákó àti ìṣó. Ìyá rẹ ní kí n má gbàgbé oògùn ojú òun. Jọ̀wọ́ ra datà fún olùkọ́ yẹn náà, láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń yí, yóò ti rẹ̀ ẹ́. Àmọ́ má fi owó náà rán awakọ̀, má sì fi í gba bánkì. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Tí ilé ẹ̀kọ́ bá ní kò tíì mọ ogún, sọ fún wọn pé ó mọ ẹni tó kù nínú ilé rẹ̀.

Ọlọ́run á fún ọ lówó àlàáfíà, ojú kò ní pọ́n ọ, ọmọ rẹ á sìn ọ́ dalẹ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni kò ti gbà kí á ti ilẹ̀kùn mọ́. Tí a bá tì í, á dìde lọ ṣí i. Òjò ń wọlé bá wa, ọmọ mi. Tètè máa bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, káfíńtà.