Irọ́ Báǹkì Tí Mo Pa fún Àwọn Àna Wa

Ẹdẹ,
Ọjọ́ Ajé.

Ìyàndá ọkọ mi,

Kí n tó kí ọ rárá, jẹ́ kí n jẹ́wọ́, torí mo mọ ara mi, bí mo bá kọ́kọ́ kí ọ, ìkíni ni màá fi kún ìwé yìí. Ó ti pé ọdún méjì tí mo ti ń sọ fún gbogbo ará Ẹdẹ pé báǹkì lo ti ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó. Nígbà tí àwọn ará ilé Zulfah wá ṣe ìwádìí wa ṣáájú ìtọrọ, tí wọ́n bi mí léèrè iṣẹ́ tí ọmọ mi ń ṣe, ẹnu mi kò gbé e pé eré lò ń ṣe. Mo ní báǹkì. Wọ́n ní báǹkì wo? Mo ní èyí tó tóbi jù. Ọlọ́run dárí jì mí, ìwọ náà dárí jì mí.

Ó yá, ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé o ń kírun lásìkò? Ibi tí wọ́n ti ń lé ẹlòmíì, Ọlọ́run á ní kí wọ́n gbé àga fún ọ níbẹ̀. Bàbá rẹ kí ọ. Ewúrẹ́ dúdú yẹn ti bímọ, mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ìyàndá, fíìmù rẹ ti dé Ẹdẹ o! Lánàá lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, Hasanat àbúrò rẹ so fóònù rẹ̀ mọ́ tẹlifíṣọ̀n, gbogbo agboolé sì pé, àwọn kan gbé àga wọn wá látilé. Bó o ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò dúdú yẹn, aṣọ funfun látòkè délẹ̀, awò dúdú lójú, tó ò kánjú rárá, mo pariwo pé ọmọ mi nìyẹn! Bàbá rẹ ní kí n jókòó, mo ń dí òun lójú. Òun náà ló sì kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́. Nígbà tó o wọ báǹkì, tó o fa ìbọn yọ, tó o ní kí wọ́n dojú bolẹ̀, ohùn rẹ kò tilẹ̀ lọ sókè, bí ẹni ń tọrọ omi mu. Ìyá àgbà kan wà láàrin wọn, o sì ní "ẹ jọ̀ọ́, mà". Mo ní ẹ ò rí i, ọmọ tí a kọ́ nílé ni, bó ń jalè pàápàá, ó mọ àgbà.

Àfìgbà tí ọlọ́pàá yìnbọn fún ọ. Mo ti ká gèlè mọ́wọ́, mo ti ń sunkún, kí Hasanat tó ní omi sóbò ni ẹ̀jẹ̀ yẹn. Sóbò kẹ̀, lórí aṣọ funfun? Ta ló máa fọ̀ ọ́?

Lẹ́yìn náà ni orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, orúkọ lórí orúkọ. Bí àwa ṣe mọ̀ ọ́n nílé yìí, tí wọ́n bá ti ń ka orúkọ lẹ́yìn òkú, àdúà ló kàn. Mo dìde, mo tẹ́wọ́, mo ń kà á sókè, gbogbo agboolé ń ṣe àmín. Elijah, àmín. Mojọlá, àmín. Wọ́n ń yára jù, Hasanat ní láti dá a dúró kí àdúà lè bá wọn. Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé pé àwọn tó bá ọ ṣiṣẹ́ ni, pé kò sẹ́ni tó kú. Kò burú, àdúà kì í ṣòfò. Sọ fún Joshua tó ń tan iná fún yín pé a ṣe tiẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ṣùgbọ́n ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyí. Láàárọ̀ yìí, Alhaji Salman, bàbá Zulfah, wá láti Alájué. Wọn ò jókòó. Wọn ò fẹnu kan omi tí mo gbé fún wọn. Wọ́n ní àwọn ti wo fíìmù náà, àwọn sì mọ̀ pé eré ni, àwọn kì í ṣe ará oko. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ báǹkì tó mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà, tó wá ń fi bí wọ́n ṣe ń ja báǹkì han gbogbo ayé, báǹkì wo ló máa fi í síṣẹ́ di oṣù tó ń bọ̀? Wọ́n ní àwọn ò ní fọmọ fún ẹni tí ọlọ́pàá máa wá mú lọ́jọ́ yìgì. Kí a dá yìgì dúró ná.

Hasanat ní Zulfah ń sunkún, kò jẹun. Ó ní Zulfah mọ òtítọ́ látilẹ̀, àmọ́ kò fẹ́ kí ojú tì mí níwájú bàbá òun. Ìyàndá, ọ̀rọ̀ yẹn gún mi. Mo fẹ́ jẹ́wọ́ fún Alhaji kí wọ́n tó lọ, àmọ́ ìtìjú ò jẹ́ kí n lè sọ ọ́. Kí ni mo tilẹ̀ ń tijú fún? Èmi tí mo kàwé girama parí, mo rò pé iṣẹ́ tí kò ní táì kì í ṣe iṣẹ́. Àná ni mo rí odindi agboolé tí wọ́n há èémí mọ́nú nítorí ọmọ mi. Báǹkì wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún èèyàn?

Bí ohun kan bá wà lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oúnjẹ ewúrẹ́ àti ọkọ̀ Alájué. Má fi ránṣẹ́ nínú èyí tó o kó ní báǹkì yẹn o, Hasanat ní bébà lásán ni. Fún dírẹ́bà tó mú ìwé yìí wá ní aṣọ funfun náà kó bá mi gbé e wá, ọṣẹ dúdú ló lè ṣẹ́gun sóbò.

Ìbọn tí kì í ṣe teré kò ní dojú kọ ọ́. Orúkọ rẹ á máa gòkè bí wọ́n ṣe ń gòkè yẹn, kò ní yára ju àdúà mi lọ.

Lọ́la, tí mo bá ti kírun Àsùbáà tán, màá gun ọ̀kadà lọ sí Alájué, màá kúnlẹ̀ níwájú Alhaji Salman, màá ní ọmọ mi kọ́ ni òpùrọ́, èmi ni. Eré lọmọ mi ń ṣe, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìyá rẹ,
Àwáwù.