Ajá Tí Mo Pọ̀n Lọ Sílé-Ẹ̀kọ́ l'Ọ́wọ̀

Ṣèyíọlá, ọmọ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé Àbújá ò gbóná jù? Ọlọ́run tó ń mú ẹ jáde láàárọ̀ kò ní gbàgbé láti mú ẹ wọlé, iṣẹ́ ìjọba tí ò ń ṣe kò ní sú ẹ, ìwọ náà kò ní sú wọn. Àmín. Ní ti àwa ní Ìmẹ̀rí, a wà, a ń dúpẹ́, iṣu ta dáadáa, orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí ìyẹn ni mo ṣe ń kọ̀wé, ajá wa ti yege!

Ọmọ ajá tí o ní kó máa bá mi gbélé yìí, orúkọ òyìnbó tí o sọ ọ́ kò wọ̀ mí lẹ́nu, mo bá pè é ní Fẹ̀sọ̀jayé. Wọ́n ní orúkọ a máa ro ọmọ, ti eléyìí ò rò ó rárá, eré ló ń sá látàárọ̀ dalẹ́. Adìẹ Bàbá Sàlàkọ́ tó múlé tì wá, méjì ló ti pa. Bàbá Sàlàkọ́ tún ní òun ni mo fi orúkọ ajá pa lówe, torí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ìyàwó kékeré. Ó wá búra pé tí ajá yìí bá tún fẹnu kan adìẹ òun kan ṣoṣo, òun á pe àwọn tó ń ra ajá fún ọbẹ̀ l'Óǹdó. Ẹ̀rù bà mí o. Láti ìgbà tí bàbá rẹ ti lọ, Fẹ̀sọ̀jayé nìkan la jọ ń mí nínú ilé yìí.

Bí o ṣe wá sọ lórí fóònù pé Ọ̀gbẹ́ni Boniface kan ń kọ́ ajá lẹ́kọ̀ọ́ l'Ọ́wọ̀ ní gbogbo Sátidé, pé o sì ti san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ọjọ́ yẹn gan-an ni mo rán yunifọ́ọ̀mù búlúù fún un, mo ra ìwé àti bírò. Nígbà tí Sátidé dé, Abdulfatai ọlọ́kadà ní òun ò gbé ajá. Mo bá fi òjá tí mo fi pọ̀n ẹ́ pọ̀n ọ́n, mo da aṣọ bò ó lórí, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, ọ̀kadà sì gbé wa. Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà ní kí n ṣọ́ ọmọ dáadáa nítorí òtútù, mo ní ẹ ṣeun, àfi bí ọmọ ṣe gbó! Fìlà ọlọ́pàá bọ́ sílẹ̀.

Níbẹ̀, wọ́n fún mi ní fọ́ọ̀mù. Wọ́n bèèrè irú ajá tó jẹ́, mo kọ ọ́ pé ọmọ Ìmẹ̀rí ni, ìjọ Áńgílíkà. Wọ́n bèèrè káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára, mo fún wọn ní tìrẹ tí mo ti ń tọ́jú láti kékeré rẹ, ó ṣe tán ìwọ ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Boniface fẹ́ fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹ, mo ní kó dúró kí n kọ́kọ́ wẹ ajá náà, torí fóònù rẹ wà ní ọ́fíìsì ìjọba, kò dáa kó fi ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀ wọ ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ ni pé kí ajá wá tí mo bá pè é. Mo pè é títí, ó kàn ń wò mí lókèèrè. Ọ̀gbẹ́ni Boniface bi mí pé tó bá wá nílé, kí ni mo máa ń ṣe fún un. Mo ní màá kọ́kọ́ ka gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sí i létí ná, kí n tó mú pàṣán. Ó ní ìdí tí kì í fi í wá nìyẹn. Ó ní ẹni tí a pè tó sì jẹ́ ìpè, a kì í bá a wí, ẹran là ń fún un. Mo ń rò ó títí mo fi délé. Láti ọjọ́ yẹn, mo ju pàṣán nù, ẹran ni mo ń fún un tó bá ti jẹ́ ìpè.

Sunday tó kọjá ni a ṣe ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì. Bàbá Sàlàkọ́ gbé àkùkọ ńlá kan wá fún Ọlọ́run. Bó ṣe ń gbé e lọ síwájú ni okùn tú lẹ́sẹ̀ àkùkọ, ó fò gba àárín àwọn akọrin, kí n tó ṣẹ́jú, Fẹ̀sọ̀jayé tí mo so mọ́ ẹnu ọ̀nà ti já, ó gbá yá a. Gbogbo ìjọ pariwo. Orúnkún tó ń dùn mí yìí, mo fi gun orí bẹ́ǹṣì, mo pè é lẹ́ẹ̀kan péré pé kó wá. Ṣèyíọlá, ó dúró! Ó kù díẹ̀ kí ẹnu rẹ̀ kan ìrù àkùkọ. Ó wo àkùkọ, ó wò mí, ó yí padà, ó wá jókòó síbi ẹsẹ̀ mi. Ìjọ pàtẹ́wọ́, àlùfáà dá orin ìdúpẹ́, mo sunkún ayọ̀. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Sàlàkọ́ fúnra rẹ̀ gbé itan adìẹ wá fún un, ó ní orúkọ náà ò fi bẹ́ẹ̀ burú.

Mo lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Boniface. Mo bi í bóyá ó lè gba ọmọ mi obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ l'Ábújá, tí kì í ṣe alágídí, ìpè nìkan ni kì í jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní èmi náà ti mọ iṣẹ́ ọ̀hún, kí n kọ́ ọ fúnra mi.

Nítorí náà, ọmọ mi, ajá ti fi èékánná ya òjá mi, mo fẹ́ owó òjá tuntun, owó oògùn orúnkún, àti owó ẹran Fẹ̀sọ̀jayé. Má fi ránṣẹ́ sórí fóònù, fọwọ́ ara rẹ mú un wá. Kérésìmesì kẹta rèé tí mo ti ń pè ẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọkọ tí mo máa ń bi ẹ́ ló ń lé ẹ sá. Tí o bá dé, mi ò ní bi ẹ́ ní nǹkan kan. Ọ̀nà á là fún ẹ ní àlọ, á là fún ẹ ní àbọ̀, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ.

Ṣèyíọlá, wá. Ẹran ti wà nínú ìkòkò.

Èmi ni ìyá rẹ,
Jemimah