Ìròyìn Tí Ọ̀gá Ní Kí N Fi Ẹnu Dídùn Bò

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ láti Ajah níbí. Mo kí ẹ̀gbọ́n mi àgbà àti ìyàwó wọn, mo sì kí àwọn ọmọ lápapọ̀. Mo fi lẹ́tà yìí síta kí àwọn tí wọ́n wà nípò mi lè kà á. Ìdí nìyẹn tí n kò fi dárúkọ ilé-iṣẹ́ wa. Kí ó tó dé ọwọ́ wọn, ọjọ́ Ajé tí mò ń bẹ̀rù yóò ti kọjá.

Òjò kò dáwọ́ dúró. Omi gba iwájú ilé mi ní Abraham Adésànyà, kálukú sì ti ìlẹ̀kùn mọ́rí. Ládùúgbò tí èèyàn pọ̀ tó báyìí, òpin ọ̀sẹ̀ lè kọjá kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi.

Ẹ yọ̀ nígbà tí wọ́n fi mí ṣe olórí ìṣúná ilé-iṣẹ́ ẹja yìnyín wa ní Lẹ́kkí Phase 1. Ẹ rò pé ìṣirò ni iṣẹ́ náà. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí ìṣirò ni wọ́n kọ́ wa ní Pólì. Òun gan-an ló rọrùn jù. Èyí tó le ni bí a ti ń sọ òótọ́ fún ẹni tó ń sanwó oṣù ẹni.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọ̀gá wa pè mí, ó ti ìlẹ̀kùn. Ó ní òun yóò ti ẹ̀ka wa ní Ajah pa ní òpin oṣù, ṣùgbọ́n kí n kó àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ jọ ní ọjọ́ Ajé, kí n sọ pé kò séwu, kí wọ́n má baà sá lọ kí ẹja tó wà nílẹ̀ tó tán. Mo béèrè ìdí tí kò fi ní sọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ó ní wọn kì í gba òun gbọ́; èmi tí mò ń bá wọn ṣàwàdà ni wọ́n gbà gbọ́. Ìyá mi, ìwà tí ẹ fi kọ́ mi ni ó fẹ́ fi ṣe ìjẹ ẹnu ìwọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Múfútáù, awakọ̀ wa, dá mi dúró lẹ́nu géètì ẹ̀ka Ajah. Ó pè mí ní Ọ̀gá Pólì bí ìṣe wọn, ó ní ṣé àwọn ọkùnrin tó ń fi okùn wọn ilé wa lánàá fẹ́ bá wa kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, àbí pósí ni wọ́n ń wọ̀n fún wa? Àwọn alábàárù bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Elékó ń wá awakọ̀, wọ́n sì ń retí èsì òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí mo bá ní kí òun dúró, òun yóò dúró. Mo ní bí ó bá jẹ́ àbúrò mi ni, n ó ní kí ó máa lọ sí Elékó. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Ó dúpẹ́, ó wá bi mí pé àwọn tó kù ńkọ́.

Ìbéèrè rẹ̀ ni mo gbé wọlé.

Ẹ̀yin ni wọ́n máa ń rán láti túfọ̀ ní àdúgbò wa, nítorí ẹ kì í pe òkú ní aláìsàn fún ẹni tó ni ín. Ẹ ó jókòó tì í, ẹ ó sì sọ ọ́. Ẹ̀kọ́ yẹn kò sí nínú ìwé wa ní Pólì, bẹ́ẹ̀ ni olórí ìṣúná kò gbọdọ̀ ṣaláìní in.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo padà lọ bá ọ̀gá, mo ní n kò lè sọ fún wọn pé kò séwu. Mo ti múra sílẹ̀ fún ìbínú. Ẹ̀rín ni ó rín. Ó ní kí n má yọ ara mi lẹ́nu, igbákejì mi ti gbà láti sọ ọ́. Kí n ṣáà wá jókòó síwájú kí wọ́n rí mi. Èmi ni mo kọ́ igbákejì náà níṣẹ́. Ìṣirò rẹ̀ kì í yẹ̀.

N ó lọ jókòó. Nínú ìpàdé wa, kò sí ẹni tí ń bi ọ̀gá léèrè ọ̀rọ̀. Ojú mi ni wọn yóò máa wò. Mo ti pinnu: bí ẹnì kan ṣoṣo bá yíjú sí mi pé ṣé òótọ́ ni, n ó sọ ohun tí mo mọ̀, ohun yòówù tí yóò bá iṣẹ́ mi.

Ọlọ́run yóò dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé. Àdúrà kan ṣoṣo ni mo bẹ̀ yín fún: pé kí ẹnì kan bi mí.

Èmi ni ọmọ yín ní Ajah.