Àmì Ọrùn Bọ́sẹ̀dé

Àbúrò mi Japhet,

Ìyá wa, ìyàwó mi àti pásítọ̀ ń kí ọ láti Ọ̀sí. Iṣu ta dáadáa. Kókó ọrùn Bọ́sẹ̀dé ọmọ mi ti ń rọ̀. Dókítà ní a tètè rí jẹjẹrẹ náà.

Nígbà tí a wálé láti ọsibítù lópin ọ̀sẹ̀, Ìyá fi kànìnkànìn fọ àmì tí wọ́n fi yíǹkì fà sí i lọ́rùn, torí kò lè mú ọmọ onídọ̀tí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àmì yẹn sì ni ẹ̀rọ ìtànṣán tí wọ́n fi ń pa jẹjẹrẹ náà ń tẹ̀ lé. Nígbà tí a padà sí ọsibítù, ọ̀gbẹ́ni onítáì tó ń darí ẹ̀rọ kò wọn ohunkóhun. Ó kàn fojú díwọ̀n, ó fa òmíràn. Mo ní kó pe dókítà, ó ní kí n lọ jókòó. Mo ní kó kọ́kọ́ sùn sábẹ́ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, kí n fojú díwọ̀n tirẹ̀. Ìgbà yẹn ló tó rántí ibi tí dókítà wà.

Jọ̀wọ́, kọ̀wé sí Ìyá kó fi ọrùn ọmọ sílẹ̀. Ọlọ́run má fi ọ́ lé ọwọ́ irú ọ̀gbẹ́ni onítáì bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n rẹ,
Ọládòṣù