Fọ́ọ̀mù Tí Mo Fi Òwú Rán

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Báwo ni ara gbogbo yín? Ṣé ọkọ rẹ wà dáadáa, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá yín tí kì í rẹ́rìn-ín yẹn ti ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀? Tiwa náà kò burú, a jí, a ò rí ibi. Ẹni tó ń ṣọ́ wa níhìn-ín á máa ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Àtẹ́lẹwọ́ yín kò ní gbẹ, ilé yín kò ní tú, ẹ ò sì ní rìn lọ́jọ́ tí ebi bá ń pa ọ̀nà. Àdúrà ìkẹyìn yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni kí o ṣe àmín sí i, wàá rí ìdí rẹ̀ tí o bá ka ìwé yìí dé ìsàlẹ̀.

Bàbá rẹ kí ọ. Orúnkún wọn ti sàn, wọ́n ti ń rìn dé ṣọ́ọ̀bù mi láti wá sọ fún mi bó ṣe yẹ kí n máa rán aṣọ, àwọn tí kò lè so bọ́tìnì. Ọmọ rẹ náà kí ọ. Ó ti ga débi pé mo ti tú etí yẹ̀rì ilé-ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún yìí, kò sì sí aṣọ tó kù níbẹ̀ tí mo tún lè tú. Ó ní kí n sọ fún ọ pé eyín ìsàlẹ̀ òun kan ti yọ, kí o má baà dé kí o rò pé a kò tọ́jú òun.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí eyín ni mo ṣe mú bírò. Inú ló ń bí mi. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí inú ti ń bí mi, mo ti tìtorí ẹ̀ gé apá òsì méjì sí aṣọ ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ aṣọ ìgbéyàwó ni.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ìjọba ìbílẹ̀ ní àwọn fẹ́ kọ́ ilé-ìwé tuntun fún àdúgbò wa, sórí ilẹ̀ gbọọrọ tó wà láàárín ilé wa àti títì ńlá. Inú wa dùn, torí ìwọ náà mọ̀ pé òdìkejì títì ni ti àtijọ́ wà, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ sọdá láàárín ọkọ̀ akẹ́rù kí wọ́n tó lè ka a, b, d. Wọ́n ní òfin sọ pé àwọn òbí gbọ́dọ̀ dá sí i, kí a yan èèyàn márùn-ún. A fi bíríkìlà ẹ̀yìn ilé wa ṣe alága, wọ́n sì yan èmi, torí wọ́n ní ẹnu mi kì í dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ìjọba wá rán akọ̀wé kan sí wa, ọkùnrin tín-ín-rín kan tó ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì tí kọ́là rẹ̀ tóbi ju ọrùn rẹ̀ lọ. Ohunkóhun tí o bá bá a sọ, kó o tó sọ ọ́ dé ìdajì, á ní ó ti yé òun. Ni a bá sọ ọ́ ní Ó-Ti-Yé-Mi. Ọmọ mi, kò sí ohun tó yé e.

Àkọ́kọ́, ó ní orí fóònù ni a ó ti máa ṣe ìpàdé, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Mo gbá yàrá, mo wọ aṣọ tí mo fi ń lọ òde, mo gbé fóònù tí o rà fún mi sórí tábìlì níbi tí gbogbo wa á ti lè rí ara wa, mo sì to àga mẹ́ta tì í, bóyá àwọn kan á ti ọ̀nà jíjìn wá. Nígbà tí agogo mẹ́rin lù, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ọ̀rọ̀ ń wọlé lọ́tùn-ún lósì, wọ́n ní òbí mọ́kànlélógójì ló wà níbẹ̀. Wọ́n kọ́ mi nílé, èmi kì í bá èèyàn níjòókòó kí n má kí i, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo bèèrè ọmọ, mo bèèrè ìyàwó, ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, mo ṣàdúrà fún un. Ìka kan ṣoṣo ni mo sì fi ń tẹ̀ ẹ́. Kí n tó kí ẹni kọkàndínlógún tán, ilẹ̀ ti ń ṣú, ìpàdé ti parí, Ó-Ti-Yé-Mi sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé kí ìyá télọ̀ jọ̀wọ́ má da ìpàdé rú mọ́. Èmi tí mo kí èèyàn ni mo da ìpàdé rú, àwọn tó wọlé láìkágò bí ewúrẹ́, àwọn ló wá ṣe ìpàdé.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ó gbé pláànù ilé-ìwé náà wá, bébà ńlá kan tó gba gbogbo orí tábìlì ìgéṣọ mi. Ṣọ́ọ̀bù mi ni a tẹ́ ẹ sí, torí kò sí tábìlì mìíràn tó fẹ̀ tó o. Kí n má parọ́, ọwọ́ ẹni tó ya á mọ́. Ṣùgbọ́n mo yọ tépù mi lọ́rùn, mo wọn kíláàsì àkọ́kọ́, íńṣì mẹ́rin géérégé. Mo wọn ìkejì, íńṣì mẹ́rin. Ọmọ mi, ogójì ọmọ nínú íńṣì mẹ́rin. Mo ní kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wá fi bí wọ́n á ṣe jókòó hàn mí. Ó-Ti-Yé-Mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní íńṣì kan lórí bébà, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́jọ ni nílẹ̀. Mo ní irú ìwọ̀n wo nìyẹn. Ó ti lé ní ogójì ọdún tí mo ti ń gé aṣọ, bí bébà bá ṣe gùn ni aṣọ á ṣe gùn, tí mo bá gbé bébà íńṣì mẹ́rin síwájú oníbàárà kan tí mo ní kó fọkàn balẹ̀, ṣòkòtò ni tó bá dé ìdí rẹ̀, ṣé kò ní pe ọlọ́pàá sí mi? Bíríkìlà ní òótọ́ ni akọ̀wé ń sọ, pé bẹ́ẹ̀ ni àwọn kọ́lékọ́lé ń ṣe é. Mo gbà, torí bíríkìlà kì í parọ́ àfi lórí ọjọ́ tó máa parí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n yẹn ni mo rí géètì. Ibi tí orí á gbà wọlé ni télọ̀ kọ́kọ́ máa ń wò lára aṣọ, ni mo bá wá ibi tí àwọn ọmọ á gbà wọlé, mo sì rí i pé ojú títì ńlá ni. Géètì ẹyọ kan ṣoṣo, ògiri ló yí gbogbo ibi tó kù ká. Ẹ̀yìn ilẹ̀ náà ni ilé wa wà, ìyẹn ni pé àwọn ọmọ á yí po, wọ́n á rìn létí títì níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń sáré, kí wọ́n tó wọlé. Mo bèèrè pé kí ló dé tí wọn ò fi í sẹ́yìn, lójú ọ̀nà ẹsẹ̀ wa. Ó ní iwájú ni pátákó máa wà, pátákó tí wọ́n máa kọ orúkọ alága ìjọba ìbílẹ̀ sí, kí àwọn tó ń kọjá nínú ọkọ̀ lè kà á, ibi tí pátákó bá sì wà ni géètì máa ń wà. Mo ní ṣé pátákó ló fẹ́ lọ ilé-ìwé ni. Mo ní mi ò fẹ́ kí títì yẹn tún gba ọmọ kankan mú láti ilé wa. Ló bá yíjú sí àwọn yòókù, ó ní kí wọ́n má dá mi lóhùn, ẹni tó ní íńṣì mẹ́rin ni kíláàsì. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, bíríkìlà náà rẹ́rìn-ín. Torí pé mo ṣi ọ̀kan, ìkejì kò tún lè jẹ́ òótọ́ mọ́. Èyí ló dùn mí jù, ó sì ń dùn mí títí di bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí.

Ó wá pín fọ́ọ̀mù, ó ní kí kálukú kọ èrò rẹ̀, kó sì buwọ́ lù ú pé òun fara mọ́ pláànù. Fọ́ọ̀mù yẹn, ilé kéékèèké ni wọ́n kọ́ sínú rẹ̀, wọ́n ní kí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan máa dá gbé nínú tirẹ̀, àfi bíi pé wọ́n ń bára wọn jà. Ibì kan wà tí wọ́n kọ ọ́ pé ti òṣìṣẹ́ ìjọba nìkan ni, mo kọ̀wé kún un, torí iṣẹ́ ìjọba ni mo ń ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti yàn mí. Ibi tí wọ́n ní kí n kọ ọjọ́ orí ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kàn, mo kọ ọ́. Nígbà tí mo dé ibi èrò, ìlà méjì péré ni wọ́n fi sílẹ̀, ìlà méjì fún ọ̀rọ̀ tó kún inú mi dé ọ̀fun. Mo ya ojú ìwé mẹ́fà nínú ìwé tí mo fi ń kọ ìwọ̀n àwọn oníbàárà, mo sì kọ ọ́ kún tẹ́yìn tiwájú. Bíríkìlà ní kí n ṣọ́ra, pé ìwé tí òun fi píìnì há mọ́ fọ́ọ̀mù nígbà tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ kànga, fọ́ọ̀mù nìkan ló dé ọ̀dọ̀ ọ̀gá, ìwé ti yọ sọnù lọ́nà. Mo ní kò sí wàhálà. Mo ki fọ́ọ̀mù àti ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sábẹ́ máṣíìnì, mo fi òwú tí mo fi ń rán ìdí ṣòkòtò gba etí rẹ̀ kan lẹ́ẹ̀mejì, mo sì so ìpẹ̀kun rẹ̀ bí a ṣe ń so ẹnu àpò tí a kò fẹ́ kó ya. Mi ò buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ kejì ni Ó-Ti-Yé-Mi gbé e padà wá. Ó ní látìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun ò rí fọ́ọ̀mù tí wọ́n rán rí. Ó ní kí n tú u. Mo ní ẹni tó bá tú u, fọ́ọ̀mù á ya, òǹtẹ̀ ìjọba sì wà lára rẹ̀, kó tú u fúnra rẹ̀ tí àyà rẹ̀ bá gbà á. Kò tú u, ó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Ó wá sọ fún gbogbo àdúgbò pé tí n kò bá buwọ́ lù ú, wọ́n á gbé ilé-ìwé lọ síbòmíràn, kí wọ́n sì mọ ẹni tó lé e lọ. Láti ọjọ́ náà, àwọn obìnrin tí mo ti ń ránṣọ fún láti ìgbà ọmọge wọn ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá bí ẹni tí ọrùn ń dùn. Bàbá rẹ pàápàá ní kí n fi sílẹ̀, pé ta ló ń bá ìjọba jà. Mo gbé oúnjẹ síwájú wọn, mi ò sọ̀rọ̀, ìwọ náà sì mọ̀ pé tí mi ò bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ti le.

Ọjọ́ Ajé tó kọjá ni wọ́n pe àwa márààrún sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀. Yàrá gígùn kan ni, fáànù mẹ́rin ló wà lókè, ọ̀kan ló ń yí, fáìlì dé ibi fèrèsé, àga tí wọ́n fún mi sì ń mì bí eyín ọmọ rẹ. Obìnrin kan ló jókòó sípò ọ̀gá, ẹnjiníà ni, kò lè ju ẹgbẹ́ rẹ lọ, bàtà rẹ̀ kún fún erùpẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń ṣí fọ́ọ̀mù lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ìwé ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo fara mọ́ ọn, mo fara mọ́ ọn. Ó dé orí tèmi, ó dúró. Ó fi èékánná tọ́ òwú náà, ó bèèrè ẹni tó rán an. Mo dìde. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbogbo ojú ìwé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Mo rí i nígbà tó dé ibi íńṣì mẹ́rin, ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu. Lẹ́yìn náà ló padà sí ojú ìwé àkọ́kọ́, ó fi ìka sí i, ó ní màmá, kí ló dé tó fi jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni ẹ kọ síbi ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó-Ti-Yé-Mi rẹ́rìn-ín, ó ní bí mo ṣe ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Mo ní àkọ́bí mi ni. Mo ní wọ́n bèèrè ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn, òun ni ọ̀rọ̀ títì yẹn kàn. Mo ní ọmọ ọdún méje ni nígbà tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ tí ọkọ̀ akẹ́rù kọ lù ú, oṣù mẹ́rin ló fi dùbúlẹ̀, àpá rẹ̀ wà láti orúnkún dé ọrùn ẹsẹ̀ títí dòní. Mo ní inú ìlú ńlá ló ń gbé báyìí, inú ooru, yẹ̀rì gígùn ló sì ń wọ̀ lójoojúmọ́, èmi ni mò ń rán an, èmi ni mo mọ ìdí tó fi máa ń ní kí n jẹ́ kó gbá ilẹ̀. Mo ní ọmọ rẹ̀ ló ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí, òun náà ti pé ọdún méje.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ẹnjiníà mú pẹ́ńsù, ó fa ìlà pa géètì iwájú rẹ́ lórí pláànù, ó ní òun á wá sórí ilẹ̀ náà fúnra òun lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀, láti wo ibi tí ọ̀nà ẹsẹ̀ wa ti pàdé ògiri ẹ̀yìn, pé pátákó lè dá dúró sójú títì tó bá wù ú. Ó-Ti-Yé-Mi ní ó ti yé òun. Mo wò ó lójú, ó jọ pé lọ́tẹ̀ yìí ó yé e díẹ̀.

Ẹnjiníà ní kí n mú tépù mi wá lọ́jọ́ náà, èyí ló sì gbé mi dé ọ̀dọ̀ rẹ. Tépù mi kò ju ọgọ́ta íńṣì lọ, ìbàdí èèyàn ló mọ̀ ọ́n wọ̀n, kò mọ ilẹ̀. Jọ̀wọ́ fi owó tépù gígùn ránṣẹ́, irú ti bíríkìlà, mi ò lè yá tirẹ̀ torí ó ti buwọ́ lu tiwọn. Má fi owó náà sínú fóònù. Ìgbà tó kọjá tí o ní ó ti wọlé, mo ṣí ẹ̀yìn fóònù, bátìrì nìkan ni mo bá níbẹ̀. Kó o fún awakọ̀ tó ń wá sí ẹ̀gbẹ́ wa kó bá mi mú un bọ̀, kí o sì fi díẹ̀ kún un kí n fi ra ọ̀rọ̀ sórí fóònù, torí ó ku òbí méjìlélógún tí mi ò tíì kí.

Mi ò tíì buwọ́ lu fọ́ọ̀mù o. Ọjọ́ tí mo bá fojú ara mi rí géètì lẹ́yìn ni màá buwọ́ lù ú.

Ẹlẹ́dàá yóò máa ṣáájú yín, yóò máa tẹ̀lé yín, ọ̀nà tó bu ẹ jẹ nígbà kan kò ní tọ́ ẹ wò mọ́, ìwọ àti ohun tó ti ara rẹ jáde. Mo ní aṣọ aláwọ̀ ewé kan nílẹ̀ tí mo fẹ́ fi rán yẹ̀rì fún ọ. Mi ò tíì gé e. Kọ̀wé sí mi, kí o sọ bí o ṣe fẹ́ kó gùn tó.

Èmi ni ìyá rẹ,
Télọ̀