Orúnkún Kọ́ Ló Ń Dájọ́

                                        Yàrá Ìpínṣẹ́, Àjà Kejì,
                                        Ilé Ẹ̀bùn Ohun Èlò Ìtọ́jú Aláìsàn,
                                        Ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù kẹwàá.

Ahun, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni orúnkún rẹ? Mo mọ̀ pé ìyàwó rẹ ló yẹ kí n kọ́kọ́ béèrè, kí n tó kan àwọn ọmọ, kí n tó wá kan ìwọ alára. Ṣùgbọ́n orúnkún yẹn ní ọ̀rọ̀ nínú lẹ́tà yìí, wàá rí i. Ìyàwó ńkọ́? Ṣé ikọ́ tó ń dà á láàmú ti lọ? Ọmọ-ọmọ yín tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ilé sùn? Lọ́dọ̀ tiwa, a dúpẹ́. Iṣẹ́ abẹ ojú tí wọ́n ṣe fún ìyá mi yọrí sí rere. Èmi ni ohun àkọ́kọ́ tó rí kedere. Ó ní mo ti rù. Ara mi le. Inú mi ni kò dùn. Kí n má parọ́ fún ọ, inú ń bí mi, díẹ̀ nínú ìbínú náà sì kàn ọ́.

Jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìpìlẹ̀. O ti ń ṣe adájọ́ ìdíje ohun èlò ìtọ́jú fún wa tipẹ́, ṣùgbọ́n mi ò rò pé ẹnikẹ́ni ti sọ fún ọ rí ohun tí mò ń ṣe kí iṣẹ́ tó dé iwájú rẹ. Ìpín adájọ́ ni pé kí a yan ẹni tí yóò wo iṣẹ́ wo, lọ́nà tí olùdíje kankan kò fi ní jèrè tàbí kó pàdánù nítorí ẹni tó bọ́ sí lọ́wọ́. Kì í ṣe torí kí iṣẹ́ lè yá. Adájọ́ kan a máa lawọ́, òmíràn a máa háwọ́. A ò sọ ọ́ ní Ahun lásán: láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́, o ò fún ohunkóhun ní ju mẹ́fà lọ nínú mẹ́wàá, ó sì dá mi lójú pé máàkì márùn-ún ni ọbẹ̀ ìyàwó rẹ ń gbà. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Bí ọwọ́ líle bá kárí gbogbo iṣẹ́, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń po yín pọ̀: adájọ́ mẹ́ta fún iṣẹ́ kan, mi ò sì í jẹ́ kí àwọn mẹ́ta kan náà jọ rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi ní ọsibítù, Kíá-kíá tú gbogbo ìpín náà ká. O ti pàdé rẹ̀: ọ̀gá wa tuntun, ẹni tó máa ń mu tíì lórí ìrìn. Àwọn iṣẹ́ tó wúwo, ibùsùn àti àga onítáyà, kò ṣeé gbé gòkè, nítorí náà gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀ ni wọ́n wà. Àwọn iṣẹ́ wẹ́wẹ́ wà lókè. Ó wo àtẹ̀gùn, ó wo orúnkún ẹ̀yin àgbà mẹ́ta, ó ní kí ẹ jókòó sísàlẹ̀ kí ẹ máa wo ti ìsàlẹ̀ nìkan, kí àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta máa wo ti òkè. Àánú ló pè é. Wọ́n ní o tiẹ̀ súre fún un!

Ahun, ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀yin mẹ́ta lẹ háwọ́ jù? Ta ni kò mọ̀ pé bí o bá gbé ṣíbí lásán síwájú àwọn ọmọ òkè yẹn, wọ́n á fún un ní mẹ́jọ? Nígbà tí èsì dé orí tábìlì mi, mo rí i pé gbogbo ohun tó yege ló ṣeé fi ọwọ́ kan gbé: ife ìwọn-oògùn, ọmọrí ìgò, àpò omi gbígbóná. Kò sí ẹyọ kan láti ìsàlẹ̀. Àfi bí ẹni pé ohun tó fúyẹ́ la ń fún lẹ́bùn. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, òṣìkà ni. Tiwa burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, àtẹ̀gùn la gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀ dá.

Mo lọ bá Kíá-kíá. Mo ṣàlàyé fún un jẹ́jẹ́ pé bí ènìyàn méjì bá ń fi apá wọn aṣọ, tí apá ọ̀kan gùn tí ti èkejì kúrú, a kò lè fi iye tí wọ́n kà sọ èyí tó gùn jù. Ó gbé tíì rẹ̀ sílẹ̀. "Máàkì ni máàkì, ẹ̀gbọ́n. Àbí méje kò ju márùn-ún lọ mọ́ ni?" Mo ní ó dá lórí ọwọ́ ẹni tó fún un. Ó ní, "Ẹ yáa fi méjì-méjì kún ti ìsàlẹ̀, ká lọ jẹun."

Fi méjì kún un! Bí ẹni ń bu iyọ̀ sọ́bẹ̀! Ta ló sọ fún un pé méjì ni? Bóyá ẹ̀yin lẹ háwọ́, bóyá àwọn iṣẹ́ náà ni kò dára, a ò lè mọ̀ láéláé àfi bí ọwọ́ kan náà bá kan ti òkè kan ti ìsàlẹ̀. Ohun tó gé kúrò gan-an nìyẹn. Kí ẹ tó fọwọ́ sí èsì pàápàá, ó ti ránṣẹ́ sí gbogbo àwọn tí kò wọlé.

Ọ̀kan nínú wọn ni nọ́ọ̀sì tó ṣe ibùsùn tó ń yí aláìsàn padà. Wàá rántí rẹ̀: ẹnì kan ṣoṣo á tẹ ohun kan mọ́lẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, aláìsàn tó wúwo á sì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ wẹ́rẹ́. Ohun tí ìwọ kọ síbẹ̀ ni, "Ó dára gan-an. Márùn-ún." Nọ́ọ̀sì náà pè mí lórí fóònù. Kò bú mi. Ì bá sàn kó bú mi. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ sọ ibi tó ti kù díẹ̀ fún mi, torí aláìsàn ti ń sùn lórí ẹ̀. Tó bá léwu ni, káfíńtà ń bọ̀ wá tú u." Kí ni kí n sọ fún un, Ahun? Ṣé kí n ní ibùsùn rẹ̀ kò lálèébù, orúnkún ọ̀rẹ́ mi ló ní in? Mo bẹ̀ ẹ́ kó dá káfíńtà dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ó ní òun á gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọn nọ́ọ̀sì ti padà sí fífi ọwọ́ gbé aláìsàn, ẹ̀yìn sì ti ń dun ọ̀kan nínú wọn.

Ibi tí mo ti ń bínú sí ọ rèé. Àwọn adájọ́ méjì kan náà ló bá ọ rìn láti òwúrọ̀ dalẹ́, o ò béèrè ìdí. Àga rọ̀ ọ́ lọ́rùn, o dákẹ́. Ojútùú rẹ̀ kò sì le! Bí orúnkún kò bá lè gòkè lọ bá ife, ṣebí ife lè sọ̀ kalẹ̀ wá bá orúnkún. Mo ti bá àwọn agbẹ́rù sọ̀rọ̀: ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, gbogbo iṣẹ́ wẹ́wẹ́ á ti wà nísàlẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta ti gbà láti wo ti ìsàlẹ̀. Ó ku ẹ̀yin àgbà. Òfin wa ni pé èsì kò dúró bí adájọ́ kan ṣoṣo pàápàá bá kọ̀ láti fọwọ́ sí i. Èmi kì í ṣe adájọ́. Bí mo bá pariwo títí ilẹ̀ fi ṣú, afẹ́fẹ́ ni. Tìrẹ kì í ṣe afẹ́fẹ́.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì gbá ọmọ-ọmọ yín mọ́ra fún mi. Ìyá mi kí ọ. Ó ní kí o tètè wá, kí òun lè fi ojú tuntun wò bóyá o ti darúgbó tó bí òun ṣe ń gbọ́.

Tìrẹ náà ni mí, bí inú tilẹ̀ ń bí mi,

Apínṣẹ́.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: bí òjíṣẹ́ Kíá-kíá bá gbé èsì wá sílé rẹ, má fọwọ́ sí i. Fún un lómi mu, kí o ní kó máa gbé e padà. Ní Ọjọ́bọ̀, ife ìwọn-oògùn ni kí o kọ́kọ́ wò, má sì béèrè iye tí àwọn ọ̀dọ́ fún un. Ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn ni kí o gbà wọlé. Kò ní àtẹ̀gùn.