Gàrí Inú Omi Ẹja

Ọjọ́bọ̀, ìrọ̀lẹ́

Ojú ń tì mí. Ìṣáwùrú ti bo àpótí gíláàsì tí Ṣadé, ọmọ ọmọ wa, ń sin ẹja sí lókè kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀. A kò fẹ́ẹ̀ rí ẹja mọ́. Láàárọ̀, kí ó tó lọ sí fásitì, mo pè é ní ọ̀lẹ tí kì í fọ nǹkan.

Nígbà tó dé, ó ki ọwọ́ bọ ìsàlẹ̀ omi, ó bu gàrí tó ti wú jáde. "Ẹ wò ó! Àjẹkù yìí ni ìṣáwùrú ń jẹ tí wọ́n fi ń bí sí i. Ta ló ń fún ẹja ní gàrí?"

Èmi ni. Bí mo bá ń mu gàrí lọ́sàn-án, ẹja a sáré wá síbi gíláàsì. N kò lè máa mu ún lójú wọn kí n má bù fún wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èébú àárọ̀, ẹnu mi kò gbà á láti jẹ́wọ́.

Ìyàwó mi wò mí. "Èmi ni, Ṣadé mi. Ọjọ́ ogbó ni."

Ó fún ọmọ náà ní ewé ẹ̀fọ́ kí ó fi sínú omi. Tí ìṣáwùrú bá bò ó, wọ́n á yọ ọ́ dànù. Èmi ń ka ìwé ìròyìn.

Nígbà tí ìyàwó mi wọ yàrá lọ, mo jẹ́wọ́ fún Ṣadé.

"Mo mọ̀, Bàbá. Ọwọ́ Màmá kò tó òkè yẹn. Ẹ lọ bẹ̀ wọ́n."

Mo ti dé ẹnu ọ̀nà yàrá lẹ́ẹ̀kan, mo padà. Kò tíì sùn. Mo ń lọ.